Ẹni Tó Ni Pùláànù Ló Ni Iṣẹ́: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Kọ́ Láti Kan Ọkọ̀ Ojú Omi Ní Abala-Abala

Ní ìsinmi tó kọjá, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ kọ àròkọ yìí wà nílé wọn ní Challenge, n'Íbàdàn, nígbà tí ọ̀rọ̀ géètì kan dá awuyewuye sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Màmá kan tó ń kọ́lé ní Olúyọ̀lé Extension ló ní kí wọ́n bá òun ṣe géètì onílẹ̀kùn méjì. Ọ̀gá wẹ́dà rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ wọn àyè tó wà láàárín òpó méjèèjì. Ọmọ náà fi tépù wọ̀n ọ́n dáadáa, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì padà wá. Wọ́n gé irin, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún, wọ́n wá gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, géètì kò wọlé. Lẹ́yìn tí ọmọ iṣẹ́ ti lọ ni bíríkìlà rẹ́ òpó méjèèjì ní sìmẹ́ńtì.

Màmá tẹ̀ lé wọn padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé géètì tí mo sanwó fún nìyí?"

Ọ̀gá dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Mà. Irin wa ò lẹ́ṣẹ̀, òpó yín ló sanra sí i."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín, àfi màmá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Irin gún, jíjó rẹ̀ lágbára, òpó bíríkìlà náà sì dúró ṣánṣán. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ènìyàn méjì ń ṣe ohun kan ṣoṣo ní ibi méjì, kò sì sí ìwé kan tó so wọ́n pọ̀, tó ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ta ni yóò ṣáájú, àti pé ìwọ̀n wo ni kí oníkálukú dì mú.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí kò jìnnà sí ti géètì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló dá lé. Bí ayé ṣe ń kan ọkọ̀ ńláńlá lónìí ni pé wọn yóò ṣe é ní abala-abala ní oríṣiríṣi ibi, wọn yóò sì wá kó o jọ. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tí abala kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀ àti ọjọ́ tí yóò dé. Ẹ ó rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ náà kan Èkó, ó sì kan Challenge pẹ̀lú.

Nígbà tí pùláànù ṣì wà nínú orí

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ tàbí àwọn ará Ẹ̀pẹ́, ẹ wo ọkọ̀ àgbẹ́ dáadáa. Kò ní oríkèé. Igi kan ṣoṣo ni. Agbẹ́kọ̀ á wo igi náà, á mọ ibi tí orí ọkọ̀ yóò wà àti ibi tí ìdí rẹ̀ yóò wà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ inú rẹ̀. Inú orí rẹ̀ ni gbogbo pùláànù wà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sì parí rẹ̀, kò sí ẹni tó yẹ kó fi pùláànù hàn.

Ní ti àwọn Òyìnbó, bí ẹni ń to eegun ẹja ni wọ́n ṣe máa ń kan ọkọ̀ láyé àtijọ́. Wọn yóò kọ́kọ́ gbé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, wọn yóò to egungun ìhà sí i lára, kí wọ́n tó wá fi pákó bò ó. Nígbà tó yá, irin rọ́pò pákó. Ojú kan náà létí omi ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Wọ́n máa ń ní gbọ̀ngán ńlá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, orí ilẹ̀ náà ni wọn yóò sì ya àwòrán ọkọ̀ sí, bó ṣe tóbi tó gan-an. Láti ara àwòrán yẹn ni wọn yóò ti gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọn yóò fi wọn irin, bí télọ̀ ṣe ń fi páálí gé aṣọ.

Ìyọnu ọ̀nà yìí ni dídúró de ara ẹni. Ẹni tó fẹ́ to páìpù kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí ẹni tó ń to irin bá kúrò níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fa wáyà ń dúró de onípáìpù. Akunlé ń dúró de gbogbo wọn. Ọkọ̀ kan lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ oṣù, òmíràn kò sì lè gba ibẹ̀ títí yóò fi bọ́ sómi.

Ogun ló lé wọn débẹ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ akẹ́rù àwọn Gẹ̀ẹ́sì yára ju bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè kan òmíràn lọ. Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan irú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n pè ní Liberty. Èyí àkọ́kọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Patrick Henry, bọ́ sómi ní ìlú Baltimore ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1941. Nígbà tí ọdún 1945 fi máa parí, wọ́n ti kan 2,710 irú rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó mú iye yìí ṣeé ṣe ni Henry Kaiser. Iṣẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ ni Kaiser mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ni ó ń la, ó sì wà lára àwọn tó mọ ìdídò ńlá Hoover. Ojú kọ́ńtírákítọ̀ ló fi wo ọkọ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí gbogbo iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ wà lójú kan? Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orí ọkọ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀, yàrá orí ọkọ̀ lọ́tọ̀, lórí ilẹ̀ gbalasa. Wọ́n tilẹ̀ máa ń da abala kan dojú dé kí wẹ́dà lè wo ìsàlẹ̀ jó o, dípò kó máa gbójú sókè kí iná máa ta sí i lára. Lẹ́yìn náà ni kéréènì yóò wá gbé e lọ síbi tí yóò wọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin tí kò fọwọ́ kan irin rí di wẹ́dà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé abala kan náà ni wọ́n ń jó lójoojúmọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1942, ní Richmond, California, wọ́n kan ọkọ̀ Robert E. Peary láàárín ọjọ́ 4, wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 29, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ títí tó fi bọ́ sómi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye yẹn tàn yín jẹ. Wọ́n ti ṣe àwọn abala ńláńlá sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ayé rí i. Síbẹ̀, ó fi hàn pé iye ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lò létí omi wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ṣètò àwọn abala tó.

Ìyára náà ní ìyà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1943, ọkọ̀ agbépo tuntun kan tó ń jẹ́ Schenectady wà ní èbúté ní Portland, Oregon. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Lójijì, ọkọ̀ náà dún gbàù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya sí méjì láti òkè délẹ̀. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ìṣó irin kan ọkọ̀, bí páànù kan bá sán, sísán náà yóò dúró sí etí páànù yẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá ti jó gbogbo irin pọ̀ di ẹyọ kan, sísán kò mọ ibi tí yóò dúró sí mọ́. Onímọ̀ kan ní Cambridge, Constance Tipper, ló wá ṣàlàyé pé irú irin tí wọ́n lò máa ń gan nínú òtútù, tí yóò sì kán bí àwo. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jó o àti bí igun àwọn ojúhò ṣe rí tún dá kún un. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ibi tí a ti so abala pọ̀ ṣe pàtàkì tó abala fúnra rẹ̀.

Láti Kure dé inú kọ̀ǹpútà

Lẹ́yìn ogun, ìmọ̀ yìí rìnrìn àjò. Ní 1951, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ National Bulk Carriers háyà apá kan ọgbà ìkankọ̀ ológun Japan ní Kure, níbi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ ogun Yamato. Elmer Hann, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Kaiser, ló lọ darí ibẹ̀. Ẹnjiníà ọmọ Japan kan, Hisashi Shinto, bá a ṣiṣẹ́, ó sì gbé ìmọ̀ náà síwájú. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé kí páìpù, wáyà àti ọ̀dà ti wà lára abala kí wọ́n tó gbé e sókè rárá. Nígbà tó fi máa di 1956, Japan ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ kíkan ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí páìpù bá parí sí etí abala kan, páìpù tí yóò bá a pàdé wà lára abala mìíràn, tí ẹlòmíràn ń ṣe níbòmíràn, tí yóò sì parí lẹ́yìn oṣù méjì. Bí ọ̀kan bá fi ìka kan yẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti géètì Olúyọ̀lé. Iye irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá kan sì ju ohun tí orí ènìyàn kan lè gbà lọ. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wọlé, ọ̀nà méjì ló sì gbà wọlé.

Ọ̀nà kìíní ni ti àkókò. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà wá irú iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ní 1958, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ fún iṣẹ́ Polaris, ìyẹn àdó olóró tí wọ́n ń yìn láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi. Ẹ jẹ́ ká fi ìnáwó ọjọ́ Sátidé ṣàlàyé rẹ̀. Màlúù gbọ́dọ̀ dé kí alápatà tó pa á. Alápatà gbọ́dọ̀ kun ún tán kí alásè tó gbé e kaná. Alásè gbọ́dọ̀ sè é kí àlejò tó jẹ. Ní ti kánópì, wọ́n lè ta á lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì lè ta á láàárọ̀ Sátidé. Bí màlúù bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́, oúnjẹ náà yóò fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Bí kánópì bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Láti orí màlúù dé orí àlejò ni okùn iṣẹ́ tí kò ní àlàfo. Ìyá tó bá mọ ìnáwó í ṣe mọ okùn yìí lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ìkan sì ń yí padà lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà nìkan ló lè máa wá okùn náà rí lákọ̀tun láràárọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti àwòrán. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ará Norway ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Autokon. Ó sọ ara ọkọ̀ di òǹkà, ó sì ń fi òǹkà yẹn darí ẹ̀rọ tó ń gé irin. Ní 1965, àwọn ará Spain gbé FORAN jáde. Díẹ̀díẹ̀, gbọ̀ngán tí wọ́n ń ya àwòrán sí nílẹ̀ di ohun àtijọ́. Lónìí, wọ́n ń kan ọkọ̀ tán nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gé irin kan. Wọn yóò rí ibi tí páìpù ti fẹ́ gba inú irin kọjá. Wọn yóò mọ bí abala kan ṣe wúwo tó, kí wọ́n má bàa ṣe èyí tí kéréènì ò lè gbé. Wọn yóò mọ abala tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kí ọ̀nà má bàa dí fún èyí tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wẹ́dà tó wà ní Challenge ló mọ̀ pé irin tó gbóná máa ń súnkì bó bá tutù. Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò ìsúnkì yẹn, yóò sì fi kún ìwọ̀n irin kí ẹnikẹ́ni tó gé e.

Ọkọ̀ Oduduwa àti ọkọ̀ River Oshun

Níbo ni àwa wà nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀? A ń ra ọkọ̀. Ní 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian National Shipping Line sílẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ìgbà náà ni Dan Fodio, Oduduwa àti Oranyan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá jìyà ìdánwò, bàbá àti ọmọ jọ ń kó ẹrù lórí òkun. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 sí 1979, nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀, ilé-iṣẹ́ náà ra ọkọ̀ tuntun 19 láti Gúúsù Kòríà àti Yugoslavia. Orúkọ odò ni wọ́n sọ wọ́n. Odò ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀: River Oshun, River Majidun, River Ogbese. Ní 1995, ìjọba pa ilé-iṣẹ́ náà tì pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká wo Kòríà tí a ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1972, nígbà tí Nàìjíríà ti ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fún ọdún 13, Hyundai ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú ilẹ̀ ọgbà ìkankọ̀ rẹ̀ ní Ulsan ni. Wọ́n kò kan ọkọ̀ ńlá rí. Wọ́n gba pùláànù lọ́wọ́ Scott Lithgow ní Scotland, wọ́n sì ń kọ́ ọgbà náà bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ agbépo àkọ́kọ́ lọ. Alice Amsden, tó kọ ìwé lórí bí Kòríà ṣe dìde ní 1989, sọ ohun kan nípa ọkọ̀ yẹn tó pa wá lẹ́rìn-ín. Àyè àwọn ará Scotland kò gbà ju ìlàjì ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà, ìlàjì-ìlàjì ni wọ́n máa ń ṣe é. Hyundai ní àyè tó pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé pùláànù náà bó ṣe wà, àwọn náà ṣe é ní ìlàjì méjì. Nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì pàdé, wọn kò bára mu.

Géètì Olúyọ̀lé rèé lórí òkun! Ṣùgbọ́n àwọn ará Ulsan tún un ṣe, wọ́n sì wádìí ohun tó fà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wọn láti ya pùláànù fúnra wọn. Kí ogún ọdún tó pé, Kòríà ti wà lára àwọn tó ń kan ọkọ̀ jù lọ láyé.

Egina dé Èkó

Lọ́dún 2005, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Bonga, nínú òkun jíjìn Nàìjíríà. Ọkọ̀ ńlá kan tó dúró lójú kan, tí wọ́n ń pè ní FPSO, ló ń fa epo náà, tó ń ya omi àti gáàsì kúrò lára rẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí ọkọ̀ agbépo yóò fi wá gbé e. Kòríà ni wọ́n ti ṣe ara ọkọ̀ Bonga. Etí odò Tyne ní England ni wọ́n ti to àwọn ẹ̀rọ sí orí rẹ̀. Epo nìkan ló jẹ́ tiwa.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ní kí iṣẹ́ epo máa fún àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ní ipò àkọ́kọ́. Nígbà tí Total gbé iṣẹ́ FPSO ti Egina fún Samsung Heavy Industries ní 2013, òfin yìí ti wà nílẹ̀. Wọ́n ṣe ara ọkọ̀ náà ní Geoje, Kòríà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 330, bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí a tò tẹ̀ lé ara wọn. Ó lè gba àgbá epo mílíọ̀nù 2.3. Àwọn ẹ̀rọ orí rẹ̀ jẹ́ abala 18. Wọ́n fi àyè abala 6 sílẹ̀ lófìfo, wọ́n sì fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí Èkó.

Ó gúnlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2018, sí ọgbà ìkankọ̀ tuntun tí Samsung àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sí LADOL, nítòsí Tarkwa Bay. Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe abala 6 yẹn, ní ọgbà yẹn ni kéréènì sì ti gbé wọn sórí ọkọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wò ó. Irin tí wọ́n gé ní Kòríà àti irin tí wọ́n gé ní Nàìjíríà, tí òkun ńlá wà láàárín wọn, tí àwọn tó ṣe wọ́n kò rí ara wọn rí. Wọ́n pàdé, wọ́n sì bára mu. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọkọ̀ náà kúrò ní Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá, epo àkọ́kọ́ jáde, nínú omi tó jìn tó nǹkan bíi mítà 1,600. Total sọ pé ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ Egina ló wáyé ní Nàìjíríà.

Inú wa dùn sí èyí, a kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó jó irin abala yẹn tí ó fi wọlé wẹ́kú kì í ṣe wẹ́dà kékeré. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ìtàn Ulsan fi sílẹ̀ fún wa kò lọ: ta ló ni pùláànù? Samsung ló gba iṣẹ́ ọkọ̀ náà lódidi, láti orí àwòrán dé orí kíkó rẹ̀ jọ. Ìwé tó so Geoje mọ́ Èkó, lọ́wọ́ olórí iṣẹ́ ló wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti lọ, ẹni tó jó irin yóò máa dúró de irin mìíràn. Ẹni tó ni pùláànù yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ tó kàn.

Ọkọ̀ mítà 31

Ọkọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó Egina. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, àwọn ológun ojú omi Nàìjíríà gbé NNS Andoni jáde ní ọgbà ìkankọ̀ wọn l'Ékòó. Mítà 31 péré ni gígùn rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí Egina, ẹ ó wá a tì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà ológun wa ló ya àwòrán rẹ̀, àwọn náà ló sì kàn án. Ní 2016, wọ́n gbé ìkejì jáde, NNS Karaduwa. Ní 2021, ìkẹta jáde, NNS Oji. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju ti ìṣáájú lọ.

Lójú tiwa, ọkọ̀ kékeré mẹ́ta yìí sún mọ́ ohun tí Hyundai ṣe ju Egina lọ. Bí ìwọ̀n kan bá ṣì níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ṣì í ló wà láti tún un ṣe, ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò sì wà lórí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àṣìṣe tí ènìyàn ṣe lórí pùláànù ara rẹ̀ máa ń kọ́ ọ ní nǹkan. Àṣìṣe orí pùláànù ẹlòmíràn, ìbáwí ló máa ń fà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ á sì bá olówó rẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ ká fẹ́ ni pé kí méjèèjì pàdé: kí ọwọ́ tó jó abala Egina àti orí tó ya Andoni wà nínú ọgbà kan náà.

Kí ni ti àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbẹ̀?

Ẹnìkan nínú wa béèrè nígbà tí a ń kọ èyí pé, kí ló kan àwa tí a ń ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọkọ̀? Ìdáhùn wa wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ní Challenge. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ irin níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Yorùbá wọn sì tó iṣẹ́ náà: jó, gé, tẹ̀, wọ̀n, súnkì, bára mu. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá dé orí pùláànù, èdè yóò yí padà, ọmọ iṣẹ́ yóò sì dákẹ́. Bó ṣe ń dákẹ́ yẹn náà ni yóò ṣe máa jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè wá jó irin, tí wọn kò ní pè síbi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́.

A ti lo ọ̀rọ̀ mélòó kan nínú àròkọ yìí láìsọ pé a ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀: abala, ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀, egungun ìhà, okùn iṣẹ́ tí kò ní àlàfo, ìsúnkì irin. Bí ẹ bá yé e yín bí ẹ ṣe ń kà á, a jẹ́ pé èdè wa gbà á. Àwọn àgbà ẹ̀ka wa ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún gírámà àti lítíréṣọ̀, nígbà tí àwọn kan rò pé kò ṣeé ṣe. Ó ku ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tàbí tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ wà. Ẹ bi ọ̀gá wẹ́dà tó wà ládùúgbò yín ní ohun tó ń pe irinṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti géètì, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n tún un jó, ó sì wọlé lọ́jọ́ kẹta. Màmá san owó tó kù, ó sì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí ìdààmú. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa tún kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà kí a tó wọlé padà, ó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ló fi báírò kọ ọ́. Orúkọ oníṣẹ́ wà níbẹ̀, ìwọ̀n wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ṣé wọ́n ti rẹ́ òpó?"